Ẹ̀kọ́ Parí, Iṣẹ́ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tí Yunifásítì Ń Kọ́ Láti Tọ́jú Àìsàn Ọpọlọ

Obìnrin náà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ní orí ń fọ́ òun, nǹkan kan ń rìn nínú orí òun bí èèrà, àyà òun ń já, oorun kì í sì í kun òun lóru. Nọ́ọ̀sì tó jókòó síwájú rẹ̀ kò gbé ojú sókè. Ó kọ paracetamol, ó kọ oògùn ibà, ó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ lé e. "Màmá, ẹ má ronú jù o. Ẹ lọ sinmi." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Àwọn tó ń wò wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí eré ni. Yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan la wà n'Íbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bí ogún ló wà níbẹ̀, olùkọ́ sì ti ní kí àwọn méjì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an níbi iṣẹ́, kí wọ́n má fi ohunkóhun bò. Ó wá ní kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, kí nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀, kí ó wo ojú màmá, kí ó sì bi í ní ìbéèrè méjì péré. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú yín máa ń bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́? Àwọn nǹkan tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n ṣì ń dùn mọ́ yín? Obìnrin tó ń ṣe aláìsàn, CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ará ìlú, tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì) láti agbègbè Ìbàràpá, ya ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé kíkọ́ ènìyàn ní ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ju ìwé àti bọ́ọ̀dù lọ. Ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ ti wá gba ẹnu gbogbo wa kan: rédíò ń sọ ọ́, pásítọ̀ àti ààfáà ń sọ ọ́, àwọn ọmọ wa ń sọ ọ́ lórí TikTok. "Ẹ lọ rí dókítà" ni ìmọ̀ràn tó yá wa lẹ́nu jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni dókítà náà? Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti jáde, mélòó ni wọ́n, ta sì ni òun náà ń pè tí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́?

Mélòó ni wọ́n?

Àwọn dókítà tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ yanjú ní Nàìjíríà kò tó 300. Àwa sì ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Ẹ bá mi pín in: dókítà kan ló ń ru ẹrù ènìyàn tó lé ní 600,000. Wọn ò sì tàn ká. Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ilé-Ifẹ̀, Ìlọrin, Àbújá, ibi tí ilé ìwòsàn ńlá bá wà ni wọ́n wà. Ẹni tó ń gbé ní Òkèhò tàbí Ìgànná á wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kó tó rí ọ̀kan sójú.

Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n ti lọ láti ilé dé ilé, wọ́n fi èdè Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Efik bi àwọn àgbàlagbà tó tó 5,000 ní ìbéèrè. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́jọ ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti ṣe rí láyé rẹ̀. Nínú àwọn tó ń ṣe láàárín ọdún tí wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, nǹkan bí mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú kankan gbà. Ìtọ́jú kankan o, ì báà jẹ́ èyí tí kò péye. Àwọn yòókù wà nílé, tàbí ní ilé àdúrà, tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn, tàbí kí wọ́n máa jẹ oògùn ibà lóṣooṣù fún ohun tí kì í ṣe ibà.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀. Ohun tí obìnrin inú eré yẹn sọ, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun bí èèrà, àwọn bàbá wa ní orúkọ fún un: ọdẹ orí. Ẹni tó ka ìwé ìṣègùn òyìnbó nìkan lè gbọ́ ọ kó rò pé aláìsàn ń sọ ìsọkúsọ, kó sì kọ oògùn tí kò yẹ fún un. Àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Yorùbá ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, tí wọ́n sì fi hàn pé ìsoríkọ́ tàbí àníyàn àmújù ló sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ilé ni ó yẹ ká ti kọ́ àwọn tó máa tọ́jú ará ilé. Ènìyàn wa kì í sábà sọ pé "inú mi bàjẹ́." Ara ló ń dùn ún, orí ló ń gbóná, ọkàn ló ń lù kìkì.

Láti Yaba dé Aro

Ọdún 1907 ni ìjọba àmúnisìn ṣí ibi tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ní Yaba. Àtìmọ́lé ló sún mọ́ jù, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí dókítà ọpọlọ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1944, wọ́n tún sọ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, l'Ábẹ́òkúta, di irú ibẹ̀. Ìtọ́jú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìfipamọ́ lásán ni.

Ẹni tó yí i padà ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, tó sì kọ́ ti ọpọlọ ní London. Nígbà tó dé sí Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn tuntun náà kò tíì parí. Ó kọ̀ láti dúró dè é. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, ó ní kí aláìsàn máa gbé láàárín wọn pẹ̀lú ẹbí kan tó tẹ̀ lé e wá, kí ó máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, kí ó padà sílé lálẹ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe láti fi wọ́n ṣẹ̀sín bí kò ṣe láti gbọ́ tẹnu wọn. Ní 1961, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti kọjá bẹ́ẹ̀ pàdé l'Ábẹ́òkúta láti sọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ.

Ní 1963, Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ti wá di ẹ̀kọ́ yunifásítì gidi lọ́dọ̀ wa. Ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní 1968, ó sì kọjá sí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá àgbà títí di 1988. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni pé ọwọ́ tó ń tọ́jú ni ọwọ́ tó ń kọ́ni. Kò sí ògiri láàárín wọ́ọ̀dù, abúlé àti kíláàsì. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri náà.

Ọdún mẹ́rìnlá

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń di dókítà ọpọlọ. Ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, níbi tí ẹ̀kọ́ ọpọlọ kì í ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ọdún kan fún house job. Ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà ìdánwò àkọ́kọ́, kí wọ́n tó rí àyè fún ohun tí wọ́n ń pè ní residency, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ọpọlọ lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn, ní ibi bí UCH n'Íbàdàn, Aro, Yaba, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin, èyí tó sábà máa ń gba ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìdánwò National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Physicians. Ọmọ ọdún 18 tó bá wọlé lónìí, tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì kankan lójú ọ̀nà, á ti tó ẹni ọdún 32 kó tó parí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì kì í ṣàìsí lójú ọ̀nà.

Dókítà nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ wà, tí wọ́n ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ ní Aro tàbí Yaba. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí wà, tí wọ́n ń gba oyè kejì ní yunifásítì kí wọ́n tó lè jókòó ti aláìsàn láti bá a sọ̀rọ̀ ìwòsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ amáyédẹrùn (social worker) wà, tí wọ́n ń lọ bá ẹbí nílé láti mọ ìdí tí aláìsàn fi dẹ́kun oògùn rẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti yọ, iṣẹ́ àwọn tó kù á wọ́.

Nínú àwọn tó parí, ọ̀pọ̀ ló ń lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí kò yẹ kí àwọn máa wá ṣa òṣìṣẹ́ ìlera lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, wọn ò ní lé e. Mi ò ní bú ẹni tó lọ. Mo mọ iye tí wọ́n ń gbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sun ilé ìwòsàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ọ̀gá dókítà kan bá lọ, kì í ṣe aláìsàn rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Iye ọ̀gá tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ iye ọmọ ẹ̀kọ́ tí ilé ìwòsàn lè gbà. Ẹni kan lọ, àyè àwọn tí ì bá kọ́ bá a lọ.

Bí CHEW ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà

Nígbà tí ó ti hàn pé a ò lè dúró de dókítà, ọ̀nà kejì yọ: kí á kọ́ àwọn tó ti wà nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò mhGAP kalẹ̀ ní 2008, ó sì tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ jáde ní 2010, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn kò kàn gbé ìwé náà bó ṣe dé. Wọ́n jókòó, wọ́n tún un ṣe kó bá ilé ìwòsàn tiwa mu, oògùn tiwa, òfin tiwa, ẹni tó lè kọ oògùn àti ẹni tí kò lè kọ ọ́. Wọ́n wá gbé e lọ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, níbi tí wọ́n ti kọ́ nǹkan bí 200 òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti CHEW. Wọ́n tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 2015.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn? Bí wọ́n ṣe máa dá ìsoríkọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí àárẹ̀ lásán. Bí wọ́n ṣe máa dá wárápá mọ̀, kí wọ́n má sì sá fún itọ́ ẹnu aláìsàn. Bí wọ́n ṣe máa bá ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sọ̀rọ̀ láì bá a jiyàn. Bí wọ́n ṣe máa béèrè ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni ní tààrà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń le fún wọn jù, nítorí a ti gbà lọ́dọ̀ wa pé ẹni tó bá dárúkọ ikú ti pè é. Olùkọ́ ní láti fi sùúrù ṣàlàyé pé bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn; ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ti ń dá a gbé rí ẹni bá a gbé e ni.

Wọ́n tún ń lo ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan tó ń wọn ìsoríkọ́, PHQ-9, tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. CHEW tó bá mọ̀ ọ́n lò kò nílò ẹ̀rọ kankan. Bírò, ìwé, àga méjì, àti ìkọ̀kọ̀ díẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ yẹn gan-an ló ṣòroó rí, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, yàrá kan náà ni wọ́n ti ń gún ọmọ labẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní 2019, ẹgbẹ́ Gureje kan náà tẹ àbájáde iṣẹ́ mìíràn jáde. Wọ́n pín àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ń gun àkàbà ìtọ́jú ní ìpele-ìpele: ó kọ́kọ́ ń bá aláìsàn tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ mú èyí tí apá ká, kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ títí di ìpàdé tó kàn, tí kò bá tó, wọ́n á fi oògùn kún un, tí kò bá tún tó, wọ́n á pe dókítà lórí fóònù. Ní apá kejì, ẹ̀kọ́ mhGAP nìkan ni òṣìṣẹ́ gbà, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìsoríkọ́ ní apá méjèèjì. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè fa èyí yọ, kó ní ẹ̀kọ́ lásán ti tó nìyẹn, kí ni a tún ń wá ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ sí? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ohun àkọ́kọ́ tó fi hàn, ìròyìn ayọ̀ ni: nọ́ọ̀sì àti CHEW lè tọ́jú ìsoríkọ́ kó san, ní abúlé, láìsí dókítà ọpọlọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń sọ pé iṣẹ́ yìí kọjá agbára wọn, kó lọ ka ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n ojú wà lára àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn ní gbogbo ọdún náà. Àwọn olùwádìí ń lọ ń bọ̀, wọ́n ń tọ aláìsàn lẹ́yìn títí oṣù méjìlá fi pé. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé ẹnì kan máa wá béèrè aláìsàn òun, kò ní ṣe bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ọjọ́ tí ìwádìí bá parí tí ọkọ̀ yunifásítì bá kúrò ní ọgbà, ìgbà yẹn ni ìdánwò gidi.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo sọ yẹn, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti pín ìwé ẹ̀rí, ráìsì ti wà nínú kúlà. Obìnrin Ìbàràpá yẹn na ọwọ́ sókè. "Sà, tí mo bá délé, tí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan bá rú mi lójú, ta ni kí n pè?" Olùkọ́ dákẹ́ díẹ̀, ó yíjú sí bọ́ọ̀dù, ó kọ nọ́mbà fóònù ara rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo wọn dà á kọ.

Ìwà ọmọlúàbí ló hù. Àmọ́ nọ́mbà ẹnì kan kì í ṣe ètò.

Ilé ìwòsàn Aro ti gbìyànjú láti ṣe ètò. Ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n máa bẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n máa tún ẹ̀kọ́ náà ṣe fún wọn. Ohun tó ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jà kò fara sin fún ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Tírànsífà ni àkọ́kọ́: wọ́n á kọ́ nọ́ọ̀sì kan, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á gbé e lọ sí ibi àbẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìlú mìíràn, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ kò mọ ohun tí PHQ-9 jẹ́. Oògùn tẹ̀ lé e. Amitriptyline àti haloperidol kì í ṣe oògùn olówó gọbọi, ṣùgbọ́n tí kò bá sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí aláìsàn wá, aláìsàn yẹn lè má padà wá mọ́. Ẹni tó ń gba Modecate, abẹ́rẹ́ àìsàn ọpọlọ tó le, lóṣooṣù, tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mejì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ kí oṣù kẹta tó parí, àwọn ará àdúgbò á sì sọ pé oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rù tún wà nílẹ̀, èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Ní 2007, ìwádìí kan láàárín àwọn dókítà ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn fúnra wọn ṣì gbà pé àwọn agbára àìrí ń fa àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì gbà pé aláìsàn náà léwu. Bí dókítà bá ń rò bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ bá CHEW wí sí? Ọjọ́ márùn-ún nínú gbọ̀ngàn kò lè yọ ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré. Ohun tó ń yọ ọ́ ni aláìsàn kan tó rí tó san, lójú ara rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ fún un pé, "O ṣe é dáadáa."

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ọkàn tiwọn. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ìfipábánilò, ìpara-ẹni, ọmọ tó kú, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, níbo ló ń da tirẹ̀ sí? Àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n ní "nọ́ọ̀sì wèrè." Ẹbí ń bi wọ́n léèrè bóyá kì í ran èèyàn. Mo ti bá nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan sọ̀rọ̀ tí aláìsàn na án lójú iṣẹ́. Ìwé ẹ̀sùn nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Omijé obìnrin Ìbàràpá yẹn kì í ṣe ti eré. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkọ òun kú lọ́dún tó kọjá, òun sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí òun nìkan ni CHEW tó wà ní ibẹ̀.

Àwọn ará Zimbabwe ti fi nǹkan kan kọ́ wa níhìn-ín. Ní 2006, Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ tó ń kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní Mbare, ní Harare. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní "kufungisisa," èyí tí àwa ń pè ní àròjù. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ti bẹ́ǹṣì. Lójú tèmi, ohun tó mú un dúró ni pé àwọn ìyá náà ń pàdé ara wọn, wọ́n ní alábòójútó tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo jù fún, wọn ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ kó dá a gbé.

Àwọn ọmọdé, àwọn oníṣègùn, àti àwọn tó ń lo oògùn olóró

Ní 2011, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ló ṣáájú rẹ̀, obìnrin tó tún padà di ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn yunifásítì náà, obìnrin àkọ́kọ́ nínú ipò yẹn. Oyè kejì tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kì í ṣe ti dókítà nìkan. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, onímọ̀ ìhùwàsí àti òṣìṣẹ́ amáyédẹrùn ń jókòó ní kíláàsì kan náà, wọ́n sì ń wá láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn pẹ̀lú. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, olùkọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rí i, kì í ṣe dókítà. Tí olùkọ́ kò bá mọ̀ ju ẹgba lọ, ẹgba ni ọmọ náà máa jẹ.

Ní ti àwọn oníṣègùn àti ilé àdúrà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn wọn le jù wà, àwọn mìíràn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kí á máa pariwo pé kí wọ́n ti ibẹ̀ pa kò tú ẹnì kankan sílẹ̀. Àwọn olùwádìí Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana gba ọ̀nà tí Lambo ti là: wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé láti máa lọ bá oníṣègùn àti wòlíì níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn níbẹ̀, kí wọ́n sì bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ lórí ìyà àti ìdè. Aláìsàn tó lé ní 300 ló wà nínú iṣẹ́ náà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí sàn ju àwọn yòókù lọ. Kò gba ilé tuntun kankan. Ohun tó gbà ni nọ́ọ̀sì tó lè wọ ilé wòlíì láì yínmú sí i, àti wòlíì tó lè gba nọ́ọ̀sì láyè, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ní láti kọ́ni.

Oògùn olóró ńkọ́? Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde sọ pé ní 2017, mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró tàbí oògùn ilé ìwòsàn lọ́nà tí kò tọ́. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá, ló ga jù: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. A lè kọ iye àwọn tí ọlọ́pàá mú sára ògiri. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ tramadol láì nà án, àwọn yẹn ni kò pọ̀.

Òfin ti wà, owó ńkọ́?

Ní oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Òfin tuntun náà ní kí ẹ̀ka kan wà fún iṣẹ́ yìí ní ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, kí àpò owó wà fún un, kí ìtọ́jú sì dé ìpele alábọ́ọ́dé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ òfin náà di tirẹ̀, kí wọ́n sì fi owó tì í. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ kí ti àpapọ̀ tó dé.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ fún yunifásítì tó wà ládùúgbò rẹ̀ pé: ẹ̀yin lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí, láti ọjọ́ ìwé ẹ̀rí títí di ọdún kẹta. Kí wọ́n san owó nọ́mbà kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí ọmọ residency kan á máa jókòó tì tọ̀sán-tòru. Kí wọ́n má gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì. Kí oògùn márùn-ún tàbí mẹ́fà má wọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ìpàdé oṣooṣù wà níbi tí CHEW ti lè sọ pé, "Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn mi pa ara rẹ̀," kí wọ́n sì jẹ́ kó sunkún.

Mo bá obìnrin Ìbàràpá yẹn sọ̀rọ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó ṣì wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ka orúkọ kúkúrú àwọn tó ń tọ́jú sí mi létí láti inú ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan tó fi owó ara rẹ̀ rà, nítorí ìwé ìjọba kò ní ojú ìlà fún àìsàn ọpọlọ. Mo bi í bóyá ó ṣì ń pe nọ́mbà tó dà kọ láti ojú bọ́ọ̀dù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n WhatsApp ni àwọn fi ń sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí dókítà tó kọ́ àwọn ti wà ní Manchester. Mo pe òun náà. Ó ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ohùn rẹ̀ wúwo. Ó ní òun ń gbé e nígbàkúgbà tó bá pè, nítorí òun kò tíì rí nọ́mbà mìíràn tí òun lè fún un.